Ojìji Kan fún Olùtayò Kan

Arínọlá ti ẹṣin rẹ̀ sẹ́nu ikú, ó sì jókòó, ó ń retí kí wọ́n wá pa á. Kò sẹ́ni tó pa á.

Lórí gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ láti ìlú kan lọ́nà Bọ̀rgú, kàn rọra sún ọba rẹ̀ wọ kọ̀rọ̀, bíi pé kò rí ẹṣin kankan níbẹ̀. Ara Arínọlá gbóná. Ó ju ilé-ìṣọ́ rẹ̀ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin. Obìnrin náà ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó máa fi di ìgbésẹ̀ ọgbọ̀n, àwọn ọmọ-ogun Arínọlá ti fọ́n ká bí ewúrẹ́ tí kò lólùṣọ́. Ayaba rẹ̀ nìkan ló kù lágbàlá ọ̀tá, kò rẹ́ni bá jà, kò sì mọ ọ̀nà ilé.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ẹ̀gbà yìí ni Ilé Pátákó, tó ń ṣàkóso ayò nílẹ̀ yìí, fi ń jẹ́rìí sí olùtayò pé kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Ó tan iná àwọ̀ ewé lẹ́ẹ̀mẹta: eré parí, kò sí màgòmágó, o pàdánù. Nọ́ńbà abẹ́ orúkọ rẹ̀ yí lójú rẹ̀ kòrókòró. Nígbà òjò tó kọjá, ipò kẹrin ló wà nínú gbogbo àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí ayélujára ilẹ̀ yìí. Ó ti di ìkọkànlélọ́gbọ̀n.

"Ìkẹfà nìyẹn lóṣù yìí, Màmá," Akíndémowó wí lẹ́yìn rẹ̀.

Akíndémowó ni tíṣà tí ìlú wọn, Òkè Ìsádi, gbà fún un. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, Arínọlá sì ń lọ sí àádọ́ta. Ó lè bí i lọ́mọ dáadáa.

"Mo mọ̀ ọ́n kà, Tíṣà."

"Ẹṣin yẹn ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ kó ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ kó jẹ ẹ́ ni. Ká ní ó jẹ ẹ́, ìgbésẹ̀ márùn-ún péré ni ǹ bá fi pa ọba rẹ̀."

"Kò jẹ ẹ́."

"Mo rí i pé kò jẹ ẹ́!"

Ó bọ́ ẹ̀gbà náà, ó sọ ọ́ sórí tábìlì. Kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn dún, Baálẹ̀ Adéṣípẹ̀ sì wọlé, ó ń mí gúlegúle nítorí àtẹ̀gùn òkè náà ga. Akíndémowó dọ̀bálẹ̀, Arínọlá kúnlẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n dìde, ó wá ibì kan jókòó sí, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.

"Arínọlá, mi ò wá pọ́n ọ lójú o," ó wí. "Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù kí á bá Ọ̀pápá-Ọba ta. Ilé Pátákó ti kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní tá a bá fẹ́ pààrọ̀ olùtayò wa, ọ̀la ni ìparí."

Arínọlá wolẹ̀.

"Àwọn ará Ọ̀pápá-Ọba ò fi olùtayò tiwọn pa mọ́," Baálẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Fáṣàkìn ni. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Ògiri. Ẹ̀yin náà mọ ohun tá a ń bá wọn fà. Wọ́n ní tiwọn ni gbogbo omi ìsédò yẹn, àwa ní kí wọ́n pín in sí méjì. Láyé àwọn bàbá wa, àdá là bá fà yọ. Lónìí, bí ọmọ wa kan bá gbé igi lásán nítorí omi, òfin ní omi ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn títí ayé. Orí pátákó nìkan ló kù. Eré kan. Kò sí pé a ó tún un ta." Ó fi fìlà nu iwájú orí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ṣí látìgbà tí òkun ti gba etíkun lọ́wọ́ wa. Àwọn àgbà wa ò lẹ́sẹ̀ ìkẹrin mọ́. Nítorí náà mo fẹ́ bi tíṣà léèrè lójú rẹ, kó má dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ṣé ká pààrọ̀ ni?"

Akíndémowó fọwọ́ ra orí. "Baálẹ̀, kò sẹ́lòmíràn lórí òkè yìí tó lè bá Fáṣàkìn dé ìgbésẹ̀ ogójì. Nínú ká kọlù èèyàn, mi ò tíì rí irú Màmá yìí. Ohun tó ń ṣe wọ́n ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló máa gbà á."

"Kí ni àtúnṣe náà?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́, Baálẹ̀."

Baálẹ̀ wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó dìde. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ kan mítà tó wà lára ẹ̀rọ omi ilé náà. Kẹ́ẹ̀gì méjì lójúmọ́ ni mítà ń já fún ilé kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti di ọ̀kan. Ó jáde lọ.

Akíndémowó fa àga mọ́ra, ó jókòó ní iwájú Arínọlá.

"Màmá, mo ti ka eré yín tó lé ní igba, láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ ò bá àwọn tí ẹ ń bá ta ta rárá. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ ń bá ta."

"Ta ni?"

Ó kàn gbójú lọ sí ojú fèrèsé, níbi tí àpótí kékeré kan wà, tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, tí iná pupa bíńtín ń tàn lára rẹ̀. Arínọlá tẹ̀ lé ojú rẹ̀ débẹ̀.

Ìbídùn ló wà nínú àpótí náà. Tàbí ká sọ pé ojìji Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti lé ní ọdún mẹ́fà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lórí gíláàsì, nínú àgọ́ kan sí òmíràn, gbogbo ìgbésẹ̀ wọn ló sì wà ní ìpamọ́. Nígbà tí ọmọ náà kú lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Ilé Pátákó kó eré ẹgbẹ̀rún mẹ́rin jọ, wọ́n fi mọ ojìji fún ìyá rẹ̀. Bí Ìbídùn ṣe ń ta ni ojìji ń ta. Ohùn rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ bí ayò bá wọ̀ ọ́ lára.

Ìbídùn kì í lè rí nǹkan jíjẹ lórí pátákó kó mójú kúrò. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé ọmọ-ogun kalẹ̀, á jẹ ẹ́. Bó bá gbé ẹṣin kalẹ̀, á jẹ ẹ́, á pariwo, "Mo jẹ ẹ́!" Ẹ̀yìn ìyẹn ni ikú á wá dé bá ọba rẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ kùtù lójoojúmọ́ fún ọdún méjì gbáko, kí Arínọlá tó bọ́jú, ó ti bá ojìji náà ta eré méjì.

"Ó ti mọ́ yín lára kí wọ́n máa jẹ ohun tí ẹ bá gbé kalẹ̀," Akíndémowó wí jẹ́jẹ́. "Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi dúró kí ogun yín pé kí ẹ tó kọlù. Fáṣàkìn ò ní jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní àkàrà gan-an, á kọ́kọ́ tú u wò kó tó fi kan ẹnu." Ó mú àpò pélébé kan jáde. "Ilé Pátákó ti fi ojìji rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, bí òfin ṣe wí. Ọ̀pápá-Ọba náà ti gba tiyín. Mo gbọ́ pé ojoojúmọ́ ni bàbá náà ń bá yín ta nílé rẹ̀."

"Fi í sínú àpótí tirẹ̀ nígbà náà. Ra àpótí mìíràn."

"Màmá, ẹ mọ òfin. Olùtayò kan, ojìji kan. Wọn ò fẹ́ kí ìlú olówó kó ojìji ogún jọ kí ìlú tálákà máa fi ẹyọ kan jà. Bí èyí bá wọlé, èyí tó wà níbẹ̀ á pa rẹ́."

"Kò síbi tí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ sí?"

"Kò sí. Mo bi wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi wọ́n."

Arínọlá dìde lójijì tó bẹ́ẹ̀ tí àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé ọmọ mi lo ní kí n tún sin?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Kì í ṣe Ìbídùn ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ ayò rẹ̀ ni."

"Ọwọ́ ayò rẹ̀ ló kù lọ́wọ́ mi!"

Akíndémowó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó dìde, ó fi àpò náà sórí tábìlì, ó jáde.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Arínọlá fi gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ ṣe láìfọwọ́ kan àpótí náà. Ó pinnu pé òun ò ní bá Ìbídùn ta láàárọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là ní agogo márùn-ún ààbọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ta eré mẹ́ta lórí ayélujára lọ́sàn-án, ó pàdánù méjì. Ọwọ́ rẹ̀ á ti ju ẹṣin sílẹ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, nítorí kẹ́ẹ̀gì kan lójúmọ́ ò tó o, ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ omi gbogbogbòò. Ìlà náà gùn dé ẹ̀yìn ilé ìwé. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ kí i, wọ́n sún fún un kó bọ́ síwájú, ó kọ̀. Nínú ilé kejì sí ẹ̀rọ, ó rí i pé wọ́n ti ká ẹní jọ, wọ́n fi okùn dì í, wọ́n gbé ìkòkò ńlá kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn. Bàbá arúgbó ilé náà ń dán ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó ń fi ọ̀pá rìn lọ rìn bọ̀ nínú àgbàlá, bí ẹni tó ń múra ìrìn-àjò. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ burúkú kankan sí Arínọlá. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ padà sílé láìpọn omi kankan. Ó ní kí wọ́n bá òun ránṣẹ́ pe tíṣà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó má wá kí oòrùn tó yọ dáadáa.

Láàárọ̀ náà, ó wẹ̀, ó ró ìró tó mọ́, ó sì jókòó síwájú gíláàsì.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi," Ìbídùn wí. "Ẹ má bínú o, màá nà yín lónìí."

"Wá nà mí," ìyá rẹ̀ dáhùn.

Ó kọ́kọ́ ta á bí tíṣà ṣe fẹ́. Ó to ogun rẹ̀ jọ, ó dí ọ̀nà, kò gbé nǹkan kan kalẹ̀. Ojìji náà ń wá ohun tó máa jẹ, kò rí i. Ó sún síhìn-ín, ó sún sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, ó sọ gbólóhùn kan tí Arínọlá ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀:

"Màámi, àbí ẹ ti sùn ni?"

Ẹ̀rín pa Arínọlá. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ohun mìíràn, ó sì ní láti fi etí ìró nu ojú kó tó lè rí pátákó. Nígbà tó rí i tán, ó gbé ẹṣin kan síwájú ọmọ rẹ̀.

"Mo jẹ ẹ́!"

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi."

Ó gbé ẹṣin kejì kalẹ̀. "Mo jẹ ẹ́!" Ó gbé bíṣọ́ọ̀bù kalẹ̀, ó gbé èkejì tẹ̀ lé e. Ó gbé ilé-ìṣọ́ méjèèjì fún un. Ó kó àwọn ọmọ-ogun fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fi òkèlè sẹ́nu ọmọdé, gbogbo ìgbà tí ohùn náà bá sì pariwo ló ń dáhùn pé, "Jẹun, jẹun dáadáa." Nígbẹ̀yìn, ó fi ayaba rẹ̀ náà lé e lọ́wọ́. Ọba rẹ̀ nìkan ló kù, ó dá dúró láàárín pátákó. Kò pẹ́ tí Ìbídùn fi ká a mọ́ igun.

"Mo ti pa yín, Màámi! Ẹ lọ sọ fún gbogbo ayé!"

Arínọlá fọwọ́ kan gíláàsì títí ó fi ṣókùnkùn.

Akíndémowó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Arínọlá ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Arínọlá na àpótí náà sí i láìwo ojú rẹ̀. "Ìwọ bá mi ṣe é. Ọwọ́ mi ò ní gbà á."

Kò gba àkókò tó èèyàn fi ń fọ àwo méjì. Iná pupa náà kú, ó sì tún tàn. Nígbà tí wọ́n tan gíláàsì, kò sẹ́ni tó kí Arínọlá. Fáṣàkìn kì í sọ̀rọ̀ bó bá ń ta ayò.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀kọ́ náà sì le. Ojìji Ògiri ò jẹ ohunkóhun. Akíndémowó jókòó sápá ọ̀tún rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ń bi í láti àárọ̀ dalẹ́: "Bí kò bá jẹ ẹ́ ńkọ́?" Kò gbọdọ̀ gbé ọmọ ayò kankan kalẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti dáhùn ìyẹn. Wọ́n ń tún àwọn eré tó ti pàdánù wò, kì í ṣe láti wá ibi tó ti ṣìṣe, bí kò ṣe láti wá ọmọ ayò tó ṣì jókòó sílé tí kò tíì jáde nígbà tó kọlù. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Arínọlá rí i pé ìdajì ogun òun ló sábà máa ń jà, ìdajì á sì wà nílé.

"Mi ò ní kí ẹ má kọlù," tíṣà wí. "Ìkọlù ni ẹ̀bùn yín. Mo kàn ní kí gbogbo ilé bá yín lọ. Ẹ ṣáà ní sùúrù."

"Má sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi."

"Èwo?"

"Sùúrù. Má sọ ọ́ fún mi mọ́."

Ojú rẹ̀ ti yí padà tó bẹ́ẹ̀ tí Akíndémowó ò bi í nídìí. Láti ọjọ́ náà lọ, "ẹ dúró" ló ń sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ta eré náà. Wọ́n gbé gíláàsì ńlá kan síta gbangba lábẹ́ tapólì, gbogbo Òkè Ìsádi sì jókòó síbẹ̀, àwọn mìíràn pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n ti dì. Inú ilé ni Arínọlá wà, ẹ̀gbà lọ́wọ́, òun nìkan.

Ní ìgbésẹ̀ kejìdínlógún, ẹṣin rẹ̀ fẹ́ fò. Ó mọ bí ara rẹ̀ ṣe máa ń rí bí ìgbà náà bá dé: àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á máa yún un, etí rẹ̀ á sì di. Ọ̀nà ọba Fáṣàkìn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò tì dáadáa. Bí kò bá jẹ ẹ́ ńkọ́? Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ itan, ó jókòó lé e. Lẹ́yìn náà ló rọra mú ilé-ìṣọ́ tó wà ní igun, èyí tí kò tíì ṣe nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, ó sún un wá sí àárín.

Ó dúró. Ní ìgbésẹ̀ ọgbọ̀n, ó ṣì dúró. Síta, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣùgbọ́n Akíndémowó, tó jókòó láàárín wọn, rí ohun tí wọn ò rí: Fáṣàkìn ti ń pẹ́ kó tó gbé ọmọ ayò. Bàbá náà ti ba sílẹ̀ de obìnrin tó máa sáré wọlé, obìnrin náà ò sì wọlé. Ó ń sún ọba lọ, ó ń sún un bọ̀, kò mọ ohun tí ì bá tún ṣe. Ní ìgbésẹ̀ kọkànlélógójì, ọ̀rọ̀ náà sú u, ó ti ọmọ-ogun kan tó wà níwájú ọba rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ògiri sì là.

Arínọlá fa ọwọ́ yọ lábẹ́ itan. Gbogbo ilé ló jáde. Ó ju ilé-ìṣọ́ kan sí i lẹ́nu, kò sì sí pé bóyá á jẹ ẹ́ tàbí kò ní jẹ ẹ́: bí kò bá jẹ ẹ́, ó kú, bó bá jẹ ẹ́, ó kú. Fáṣàkìn ronú fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó jẹ ẹ́. Ìgbésẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ọba Ọ̀pápá-Ọba ò níbi tó máa gbà.

Ẹ̀gbà tan iná. Kí gíláàsì tó ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ kan jáde nísàlẹ̀ rẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ti ń bá ta nílé ní gbogbo oṣù yìí."

Ariwo sọ lórí òkè. Wọ́n ń ké, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé e jáde wá, kí ìlú rí i, ṣùgbọ́n Akíndémowó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún un ní àyè díẹ̀. Ó bu ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín sínú àwo, ó gbé e wọlé.

Arínọlá ṣì wà lórí àga náà. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹun, Màmá. Láti àná lẹ ò ti jẹun."

"Jókòó, Tíṣà."

Ó jókòó.

"O ò bi mí nípa ọ̀rọ̀ tí mo ní kí o má sọ," ó wí. "Àrùn onígbáméjì ló ṣe Ìbídùn, ní àgọ́ kejì, nígbà tí a dé ibẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n fún mi ní àpótí yẹn, ó kí mi káàárọ̀, ó sì dà bíi pé kò sí ohun tí mo ní láti sọ." Ó gbé àwo náà sórí itan, kò ṣí i. "Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ ló ti gbẹ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ká má fún wọn lómi tí a kò sè. Mo gbé omi kaná, igi náà tutù, iná ò ràn bọ̀rọ̀. Ó ń pè mí, 'Màámi, omi.' Mo ní, 'Ní sùúrù, Ìbídùn. Á hó.' Nígbà tó hó, mo ní, 'Ní sùúrù, á tutù.' Èmi tí mi ò ní sùúrù rí láyé mi, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo wá ní in. Mo ń fi ife méjì da omi náà síra, kó lè tutù kíá. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti lọ."

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Omi náà ṣì gbóná lọ́wọ́ mi," ó wí.

Síta, ẹnì kan ké pé wọ́n ti ṣí ìsédò, omi ti ń bọ̀. Wọ́n gbọ́ bí kẹ́ẹ̀gì ṣe ń kọlu ara wọn, bí ẹsẹ̀ ṣe ń sáré lọ sísàlẹ̀ òkè.

"Lọ pọn tìrẹ," Arínọlá wí fún un. "Wọn ò ní pẹ́ kún ibẹ̀."

"Mi ò kánjú, Màmá," Akíndémowó dáhùn. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ sọ fún mi bó ṣe rí. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, láti ìgbà tí ẹ ti bí i."

Nígbà tí Arínọlá lanu, ojú ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà ló fi bẹ̀rẹ̀, àti bí òkun ṣe pa rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà.